Dígí Méjì ní Ìlú Awòmáàṣẹ́jú

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi bí ẹni pé bàbá yín ló kọ́ ọ, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n yẹn. Mo ní kí ẹ pa á. Láti ìgbà tí òjò ti dá ni mo ti ń gbọ́ ariwo yín. Fọlárìn ní géèmù tí a ń gbá lórí tẹlifíṣọ̀n kò lè dùn tó bí fóònù kò bá sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni, tí yóò máa fi ọ̀nà hàn, tí yóò máa fi ibi tí ọ̀tá sá pamọ́ sí hàn. Olújìnmí ní irọ́ ni, pé ojú kejì yẹn gan-an ló ń ba géèmù jẹ́, pé ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Ó kù díẹ̀ kí ẹ na ara yín. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń fà mọ́ ara yín lọ́wọ́ yìí, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ti dà sí i kí wọ́n tó bí ẹ̀yin méjèèjì.

Ẹ fún mi ní àga tó ní ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn tó ti ru ẹfọ̀n wálé kì í jókòó sórí àpótí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tọ̀, kó yáa lọ báyìí, torí bí mo bá bẹ̀rẹ̀, mi ò ní í dúró de ẹnikẹ́ni. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, ṣùgbọ́n odindi ni mo máa sọ fún yín, nítorí mi ò tíì mọ iye ọmọlúàbí tó wà nínú yín.

Èmi Ọdẹ́jàyí ni mò ń sọ̀rọ̀. Kí ara mi tó di èyí tí ẹ ń wò yìí, bí mo bá wúkọ́ nínú igbó, ọ̀bọ á sọ èso ẹnu rẹ̀ nù. Ẹfọ̀n á rí mi, á yà fún mi lọ́nà, á tún kí mi kú àárọ̀. Olújìnmí, pa ẹnu dé, àbí o wà níbẹ̀? Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi Ọdẹ́rìndé la jọ ń ṣọdẹ nígbà náà. Bàbá kan náà ló bí wa, ìyá kan náà ló bí wa. Òun ló kọ́ mi ní ìbọn yíyìn, òun ló sì kọ́ mi bí ọdẹ ṣe ń fi ojú bá ọdẹ sọ̀rọ̀, torí ẹran a máa gbọ́ ohùn. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá gbójú sókè, ó ní kí á máa lọ nìyẹn. Bí ó bá di ojú kan, tó la ìkejì sílẹ̀, ikú wà níwájú nìyẹn, ẹsẹ̀ ò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀ mọ́. Kò sí ohun tí ojú ẹ̀gbọ́n mi kò lè sọ.

Ní ọjọ́ kan, Ọdẹ́rìndé tọ ipasẹ̀ àgbọ̀nrín kan wọ Igbó Máwẹ̀yìn, kò sì padà wálé. A rí fìlà rẹ̀ létí igbó, kò sí ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀. A ti ń múra àtiṣọ̀fọ̀ nígbà tí ìyàwó rẹ̀, Ìbídùn, ṣí ìdérí ìkòkò omi, tó rí ojú ọkọ rẹ̀ nínú omi náà. Ó ní ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Lọ́jọ́ kejì ó tún rí i, ojú náà ti rù. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní bí a kò bá tètè lọ, eegun lásán la máa bá. Wàyí o, ẹ mọ̀ pé obìnrin tó mọ ilé ọkọ kì í pe orúkọ àwọn tó bá nílé. Dúdúyẹmí ni Ìbídùn ń pè mí. Ó ní, bí Dúdúyẹmí bá fi òun sílẹ̀, òun á máa tẹ̀lé e lẹ́yìn nínú igbó. Mo mọ̀ pé yóò ṣe é, ni mo bá ní ká jọ lọ.

Ẹ má bi mí bí ọ̀nà ṣe jìn tó. Ẹsẹ̀ ló rìn ín, kì í ṣe ẹnu. Igbó Máwẹ̀yìn ṣókùnkùn ní ọ̀sán gangan, igi ibẹ̀ sì máa ń mí. Bí a bá dúró, wọ́n á dúró. Bí a bá rìn, a ó gbọ́ ìró gbòǹgbò tó ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn wa, Ìbídùn á sì di ẹ̀wù mi mú. Mi ò wẹ̀yìn. Ká ní mo wẹ̀yìn ni, ǹ bá má wà níbí lónìí.

Báyìí la ṣe rìn títí tí a fi dé ẹnu ibodè kan. Ìwin kan dínà níbẹ̀, ọrùn kan, orí méjì. Orí ọ̀tún ń rẹ́rìn-ín, orí òsì ń sunkún, omijé rẹ̀ sì ti gbẹ́ kòtò sílẹ̀. Ó ní òun kì í jẹ́ kí ẹ̀dá kọjá láìdáhùn àlọ́ òun, ẹni tó bá sì gbà á tì, òun á gbé e mì pẹ̀lú bàtà. Ó ní kí ló ń fi ọ̀nà han ni, tí kì í sì í jẹ́ ká rí ọ̀nà.

Ẹ̀yin ìbá ti kú síbẹ̀. Èmi, mo gbé àyà sókè, mo ní iná orí ọdẹ ni. Bí ọdẹ bá tan iná sórí, ibi tí iná bá dé, yóò rí kòkòrò tó ń rìn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí iná kò bá dé, òkùnkùn ibẹ̀ á le sí i lójú rẹ̀ ju ti ẹni tí kò taná rárá. Orí tó ń rẹ́rìn-ín ní mo gbà á. Orí tó ń sunkún ní mo kàn gbà á lábọ̀ ni. Ni wọ́n bá kọjú sí ara wọn, wọ́n ń jà, ẹnu ọ̀kan wà ní imú ìkejì. Èmi àti Ìbídùn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a gba abẹ́ itan ìwin náà kọjá. Orí tó ń sunkún ló kígbe lé wa lẹ́yìn pé ẹni tó bá wọ ìlú tó wà níwájú yìí, ojú méjì ò ní í tó o.

Ìlú náà ń jẹ́ Awòmáàṣẹ́jú. Mo kí obìnrin tó ń gúnyán lẹ́nu ọ̀nà, mo ní ẹ kú iṣẹ́ o. Kò dáhùn. Mo kí bàbá kan, mo tilẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún irùngbọ̀n rẹ̀. Kò wo ibi tí mo wà. Mo ti bá ọ̀yà onímú wúrà sọ̀rọ̀, ejò ti wọ ẹ̀wù mi sùn, kò sí èyí tó bà mí lẹ́rù nínú wọn. Ṣùgbọ́n ìlú tí a ti ń kí èèyàn tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn, ẹ̀rù rẹ̀ wọ̀ mí léegun. Ìgbà náà ni mo wá rí i. Dígí ńlá wà lára ògiri ilé kọ̀ọ̀kan, àwọn ènìyàn abẹ̀mí ń sá kiri nínú rẹ̀. Dígí kékeré sì tún wà ní àtẹ́lẹwọ́ ará ìlú kọ̀ọ̀kan. Ojú wọn á lọ sókè, á bọ̀ nísàlẹ̀, òkè, ìsàlẹ̀, wọn kì í sì í ṣẹ́jú. Obìnrin tó ń gúnyán yẹn ti gún odó rẹ̀ lu, ilẹ̀ ló ń gún. Ìyá kan jókòó tì í, ó gbé ọmọ odó sáyà, ó ń fún un lọ́mú. Ọmọ tó bí wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sunkún mọ́. Ìbídùn fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ibẹ̀ ni àwọn ìwin tó ń ṣe ìránṣẹ́ ọba ti wá mú wa lọ sí ààfin. Ọba Ajíwòran ni ọba wọn, ojú yí orí rẹ̀ ká bí ìlẹ̀kẹ̀, kò sì sí ìpéǹpéjú lórí ọ̀kankan. Ó ní òun ti ń retí wa. Ó na ìka sí ògiri, dígí ńlá kan tàn níbẹ̀, a sì rí Ọdẹ́rìndé nínú rẹ̀. Ó dúró sí ojú ọ̀nà kan tó lọ́ bí ìfun ẹran, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ètè rẹ̀ gbẹ. Ẹnu rẹ̀ ń ṣí, a kò gbóhùn. Ìbídùn sáré lọ gbá dígí náà mọ́ra, dígí tútù lásán ló gbá mọ́ra.

Ọba ní eré lòun fi í ṣe, gbogbo àlejò òun lòun sì fi ń ṣe é. Bí a bá lè darí rẹ̀ dé ẹnubodè tó wà ní òpin ọ̀nà náà, kí a mú un lọ sílé. Bí ẹranko òun bá mú un kó tó débẹ̀, ó di òkú, àwa méjèèjì a sì wọ inú dígí rọ́pò rẹ̀. Wọ́n gbé ohun kan jáde tó ní bọ́tìnnì lójú. Páàdì lẹ̀yin ń pè é, àwọn ìwin ń pè é ní ìjánu. Ọwọ́ méjèèjì ló ń gbà. Mo nawọ́ sí i, ọba ní rárá, ìyàwó tó ń rí ojú ọkọ rẹ̀ nínú omi ni yóò mú un.

Ìbídùn mú ìjánu. Bó bá tẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún, ọkọ rẹ̀ á yà sọ́tùn-ún. Bó bá tẹ òkè, á fò. Obìnrin yìí kò rí irú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ojú ọkọ rẹ̀ ló ń wò, kò wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọdẹ́rìndé á wo kòtò, Ìbídùn á mú un yẹra fún kòtò. Á gbójú sókè, Ìbídùn á ní kó sáré. Mo ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọba ṣàkíyèsí i, ó sì mi orí sí ìyá rẹ̀.

Ìyá ọba dìde. Arúgbó ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, ojú rẹ̀ tutù. Ó rọra rìn lọ bá Ìbídùn, ó na dígí àtẹ́lẹwọ́ kan sí i. Ó ní, "Gbà, ọmọ mi. Yóò ràn ọ́ lọ́wọ́."

Ẹ dáhùn, ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá nílé. Bí arúgbó bá na nǹkan sí yín, kí lẹ máa ń ṣe? Ìyá Ìbídùn ti fi ìgbakọ gbá a lọ́wọ́ òsì títí nígbà tó wà ní kékeré. Kí n tó la ẹnu, ó ti ju ìjánu sílẹ̀, ó ti wà lórí eékún méjèèjì, ó ti tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó ti tẹ orí ba, ó ní, "Ẹ ṣeun, ìyá." Nínú dígí ńlá, Ọdẹ́rìndé dúró sójú kan bí òpó, kò sí ẹni tó ń darí rẹ̀. Ẹranko kan bẹ́ láti inú òkùnkùn. Àwọ̀ rẹ̀ dúdú, kò lójú, ẹnu nìkan ló ní. Ó já etí òsì ẹ̀gbọ́n mi jẹ, ó sì padà sínú òkùnkùn. Gbogbo ààfin rẹ́rìn-ín.

Ọba ní, "Ẹ̀kọ́ ilé yín ni mo fi ń pa yín. Ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ kò tíì ṣòfò níbí rí."

Inú bí mi débi pé mo gbọ́ bí eyín mi ṣe ń ró. Mo já dígí kékeré náà gbà lọ́wọ́ Ìbídùn, mo ní kó mú ìjánu, kó má wo ẹnikẹ́ni mọ́, ìbáà ṣe ìyá tó bí i ló na nǹkan sí i. Ìyá ọba kò bínú. Ó ní kò burú, kí n máa wò ó, ṣùgbọ́n dígí àtẹ́lẹwọ́ a máa jowú. Bí ojú mi bá kúrò lára rẹ̀, ọ̀nà inú rẹ̀ yóò dàrú.

Mo wò ó. Kí n má purọ́, ohun rere ni mo rí. Dígí ńlá kì í fi ẹranko yẹn hàn àfi bó bá ti bẹ́, ṣùgbọ́n nínú dígí kékeré, gbogbo ọ̀nà tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní. Ẹranko náà jẹ́ èérún dúdú kan tó ń rákò. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ èérún pupa kan tí kò tó hóró ọkà bàbà. Ni mo bá ń pè é jáde fún Ìbídùn: ó wà lọ́tùn-ún, ó ń bọ̀ níwájú, dúró, máa lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo gbójú wo ọ̀gangan ibi tí ẹ̀gbọ́n mi wà lára ògiri. Bí mo ṣe padà wo ọwọ́ mi, gbogbo ọ̀nà ti yí, òsì ti di ọ̀tún, díẹ̀ ló kù kí n sọ ọkọ obìnrin yẹn sẹ́nu ẹranko. Láti ìgbà náà, mi ò gbójú mọ́. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Ìbídùn ń wo òkè, èmi ń wo ìsàlẹ̀, a sì di olójú mẹ́rin.

Àyà ọba bẹ̀rẹ̀ sí í já, mo gbọ́ ọ nínú èémí rẹ̀. Èérún pupa ti dé tòsí ẹnubodè. Nínú dígí mi, ọ̀nà mọ́ kedere, ẹnubodè ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo ní kí Ìbídùn máa lọ tààrà. Kò lọ. Mo tún un sọ, mo jágbe mọ́ ọn. Ó ní ojú ọkọ òun yí padà, ó ti di ojú kan, ó sì la ìkejì sílẹ̀.

Ẹ ò mọ ohun tó wà nínú ọrùn mi nígbà náà. Àmì ọdẹ nìyẹn, àmì tí a jọ ní, èmi ló yẹ kó rí i, ọrùn mi sì ń gbé ara rẹ̀ sókè. Mo fi agbára tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo ní dígí kò rí ewu kankan. Ìbídùn, tí kò jiyàn fún mi rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé, ní, "Dúdúyẹmí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́. Ojú ẹ̀gbọ́n yín ni mò ń wò."

Ó yí ìjánu. Èérún pupa yà kúrò lójú ọ̀nà, mo sì gbọ́ ìró ilẹ̀ tó wó níbi tó ìbá ti gbẹ́sẹ̀ lé. Kòtò ni wọ́n gbẹ́ síwájú ẹnubodè, tí wọ́n fi koríko bò. Dígí mi kò fi hàn mí. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, èérún dúdú ti ń sáré bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, Ìbídùn ò sì lè rí ìyẹn. Mo kígbe pé kó bẹ́ sápá òsì. Kò bi mí ní ìbéèrè. Ó bẹ́. Ẹranko náà fò kọjá, ó bọ́ sínú kòtò tí ọba gbẹ́, èérún dúdú sì kú lójú mi bí iná tí a fẹ́ pa. Ẹ̀gbọ́n mi gba ẹ̀gbẹ́ kòtò wọ ẹnubodè.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ ènìyàn lórí ilẹ̀ ààfin. Mo gbọ́ bí Ìbídùn ṣe bú sẹ́kún. Ọba Ajíwòran kò jà, kò sì kùn. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé kí n gbójú sókè, eré ti tán, kí ojú kọ̀ọ̀kan máa mú ohun tó wò lọ sílé. Mo rò pé àdúrà ni.

Mo gbójú sókè. Mo rí ọba. Mo rí ìyá ọba. Mo rí Ìbídùn, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó di afẹ́fẹ́ mú, ó ń sunkún sí i lára. Níbi tí àyà ọkùnrin yẹ kó wà, èérún pupa kan ń tàn, kò tó hóró ọkà bàbà. Èérún náà la ohùn, ohùn ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ní, "Ọdẹ́jàyí, ṣé ìwọ nìyí? Kí ló dé tí o kò wò mí lójú?" Mo sún mọ́ ọn. Mo na ọwọ́, mo fọwọ́ kan irùngbọ̀n rẹ̀, mo wá etí rẹ̀ kiri, ẹyọ kan ni mo bá. Mo di í mú, mo sunkún bí ọmọdé, mi ò sì rí ẹni tí mo di mú.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe wálé, bẹ́ẹ̀ ló sì rí di òní. Ẹ má wulẹ̀ bojú wo ara yín. Bàbá àgbà tó jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn lẹ́yìn yín, tí ẹ dọ̀bálẹ̀ fún nígbà tí ẹ wọlé, Ọdẹ́rìndé nìyẹn. Ẹ̀yin rí i. Èmi, èérún pupa ni mò ń rí lórí àga. Ẹ bi mí léèrè bóyá dígí kejì dára. Láìsí i, ẹranko ìbá ti pa á jẹ. Bí ojú Ìbídùn bá sì bá tèmi lọ sínú rẹ̀, inú kòtò nìkan ni ìbá sùn. Fọlárìn, o ò jẹ̀bi. Olújìnmí, ìwọ náà ò jẹ̀bi. Ẹ yé jà.

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, Ìbídùn ló ń bá mi ka ojú rẹ̀. Bí a bá ń jẹun, á ní ẹ̀gbọ́n yín ń rẹ́rìn-ín, Dúdúyẹmí, á ní inú ń bí i, ẹ fún un léegun. A sin Ìbídùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi kò fọhùn mọ́, kò sọ ọ̀rọ̀ kan fún ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù fún un, ojú rẹ̀ nìkan ló kù sí.

Fọlárìn, gbé fóònù yẹn sílẹ̀. Dìde, lọ kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n mi, kí o wo ojú rẹ̀ dáadáa. Mo ti ń pe orúkọ ìyàwó rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́. Sọ fún mi, ṣé ó gbójú sókè pé kí n máa sọ ọ́ lọ ni, àbí ó ti di ojú kan, tó la ìkejì sílẹ̀?